Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀: Gbẹ́nàgbẹ́nà tí kò gba ọ̀nà àbùjá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kò sí ọ̀nà àbùjá lórí ọ̀pẹ, ibi tí a bá gbà gùn ún náà la ó gbà sọ̀ kalẹ̀. Bí a bá ń wá ẹni tó fi òwe yìí ṣe iṣẹ́ ṣe nílẹ̀ Yorùbá, ó di dandan kí a dárúkọ Olóògbé Ọlọ́wẹ̀, gbajúgbajà gbẹ́nàgbẹ́nà ìlú Ìsẹ̀-Èkìtì, tó jáde láyé lọ́dún 1938.

Nǹkan bí ọdún 1875 ni wọ́n bí i ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Láti ìgbà èwe ló ti wá sí Ìsẹ̀, ààfin Arínjalẹ̀ ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí òkìkí rẹ̀ kàn, àwọn ọba mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ pè é. Ó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin ọba ní Ìkẹ́rẹ́, Àkúrẹ́, Iléṣà àti àwọn ìlú mìíràn.

Iṣẹ́ ọnà gbígbẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ oníwàdùwàdù. Gbẹ́nàgbẹ́nà á kọ́kọ́ fi àáké bu igi títí tí àwòrán yóò fi máa yọjú. Lẹ́yìn èyí ni yóò gé ojú, apá àti ẹsẹ̀ jáde, tí yóò dán an, kó tó wá fi ọ̀bẹ fín ọnà sí i lára. Ẹni tó ń kánjú gbowó lè fo èyí tó bá wù ú níbẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ kò fo ọ̀kankan.

Láàárín ọdún 1910 sí 1914, ó ṣiṣẹ́ fún Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Lára ohun tó gbẹ́ níbẹ̀ ni ilẹ̀kùn ààfin, èyí tó fi ṣàfihàn bí Ògògà ṣe gba òyìnbó aláṣẹ kan lálejò. Ọ̀pọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà ìgbà náà kì í jẹ́ kí àwòrán yọ ju díẹ̀ lọ lára pákó ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ti Ọlọ́wẹ̀ yọ síta gan-an bí ẹni pé àwọn ènìyàn náà fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Kódà, ó fín ọnà sí ẹ̀yìn àwọn àwòrán náà, níbi tí ẹlòmíràn ìbá fi sílẹ̀ lásán.

Lọ́dún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí ibi ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley, nílùú London. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum fẹ́ rà á, ṣùgbọ́n Ògògà kò tà á fún wọn. Ìtẹ́ ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn tó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni àwo onígi kan tó gbẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1925, tó wà ní Washington báyìí. Àwọn ènìyàn kan kúnlẹ̀ yí ìsàlẹ̀ àwo náà ká. Láàárín wọn ni orí ènìyàn kan wà, tó ń yí gbiri, ṣùgbọ́n tí kò lè jáde. Ara igi kan ṣoṣo tó fi gbẹ́ àwo náà ló ti gbẹ́ orí yìí, tó ń ti ọ̀bẹ bọ àlàfo àárín àwọn tó kúnlẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìbá rọrùn fún un láti má ṣe fi orí kankan síbẹ̀ rárá, kò sì sẹ́ni tí yóò bi í léèrè.

Ọlọ́wẹ̀ kì í kọ orúkọ sára iṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn onímọ̀ ti fi ọwọ́ iṣẹ́ rẹ̀ dá a mọ̀. Ọ̀kan lára wọn, William Fagg ti British Museum, kà á mọ́ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tó ga jù lọ nílẹ̀ Yorùbá. Lọ́dún 1998, wọ́n ṣe ìpàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ní Washington, ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún àwọn kápẹ́ńtà, télọ̀, bíríkìlà àti àwọn ọmọ tó wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ lónìí. Owó tí Ọlọ́wẹ̀ gbà lórí ilẹ̀kùn àti òpó wọ̀nyí ti tán tipẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ṣì ń sọ irú ẹni tó jẹ́.