Ayọ̀délé Awójọbí: Ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ́ jíìpù láti máa sáré síwájú, kó tún máa sáré sẹ́yìn

Ẹni tó bá ń wakọ̀ láti Àgbádárìgì lọ sí ilẹ̀ Dahomey kí ó tó di ọdún 1972, ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń tọ̀, ṣùgbọ́n òfin méjì ló ń tẹ̀lé. Láti Èkó títí dé ibodè Sẹ̀mẹ̀, apá òsì ni yóò máa gbà, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ṣàkóso wa ṣe fi lélẹ̀. Bí táyà rẹ̀ bá ti kan ilẹ̀ kejì, níbi tí àwọn Faransé ti ṣàkóso, ó di dandan kí ó ṣí lọ sí apá ọ̀tún. Ọkọ̀ kan náà ni o. Sítíárìn tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, tó ń jẹ́ kí ó ríran dáadáa láti Èkó dé Sẹ̀mẹ̀, òun kan náà ni kì í jẹ́ kí ó rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú bí ó bá fẹ́ ya tírélà sílẹ̀ lójú ọ̀nà Kútọnu. Àfi kí ọmọọṣẹ́ rẹ̀ yọ orí lójú fèrèsé kejì kó bá a wò ó.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ Àjíǹde gan-an, ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon sọ gbogbo Nàìjíríà di ẹni tó ń gba apá ọ̀tún. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Gbogbo orílẹ̀-èdè tó yí wa ká ló ń gba apá ọ̀tún, a ò sì lè máa dá ṣe tiwa lọ. Ṣùgbọ́n òfin lè yí ọ̀nà padà lóru ọjọ́ kan, kò lè yí ọkọ̀ padà. Gbogbo mọ́tò tí àwọn ènìyàn ti fowó rà sílẹ̀, tí sítíárìn wọn wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ló di ìṣòro lọ́wọ́ olówó wọn. Àwọn kan tà á, àwọn kan ń fi wà á bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan wà nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí a ò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Opel Olympia Rekord ni, ọkọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójọbí ti Yunifásítì Èkó fi ń gbé ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló tú u nínú ọgbà yunifásítì, tó gbé sítíárìn rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ọ̀tún, tó sì gbé e sọ́wọ́ òsì. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé iṣẹ́ kékeré nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ní láti gbé ọ̀pá sítíárìn àti àpótí jíà rẹ̀ lọ sí òdìkejì, kí ó gbé ẹsẹ̀ bíréèkì, kílọ́ọ̀ṣì àti tọ́tù tẹ̀ lé e, kí ó wá àyè fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì tí ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà kò fi àyè sílẹ̀ sí, kí ó sì rí i pé táyà ọ̀tún àti tòsì ṣì ń yí dọ́gba. Bí ó bá ṣì í díẹ̀, ojú títì ni yóò ti mọ̀.

Ta ni ọkùnrin yìí? Òṣòdì ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 1937. Ọmọ Ìkòròdú ni bàbá rẹ̀, Daniel Adékọ̀yà Awójọbí, tó jẹ́ ọ̀gá ibùdókọ̀ rélùwéè. Modákẹ́kẹ́ ni ìyá rẹ̀ ti wá. Ọmọ tó ń gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì reluwé láti kékeré, bóyá kò yẹ kó yà wá lẹ́nu pé ẹ̀rọ ló gbà á lọ́kàn. Ilé-ìwé St Peter's ní Fàájì ló lọ, lẹ́yìn náà ó wọ CMS Grammar School, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ ní Dead Easy, nítorí kò sí ìṣirò tó le lójú rẹ̀. Kì í sì í ṣe ìṣirò nìkan ló mọ̀. Òun ló ṣe Macbeth nígbà tí wọ́n ṣe eré náà nílé-ìwé wọn. Nígbà tó ṣe ìdánwò àṣejáde lọ́dún 1955, iṣẹ́ mẹ́jọ ló ṣe, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló sì gba èsì tó ga jùlọ níbẹ̀.

Ó kọ́kọ́ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba tó wà ní Ìbàdàn, kí ó tó kọjá sí ẹ̀ka rẹ̀ ní Zaria, èyí tó di Yunifásítì Ahmadu Bello lọ́dún 1962. Ọdún 1962 yẹn náà ló gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, fáàsì kíláàsì ló sì gbà. Láti ibẹ̀ ó di Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé lọ́dún 1966, ó sì padà wálé wá ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó. Nígbà tí ó padà sí Imperial College lọ́dún 1974, DSc ni wọ́n fún un, oyè tó ga ju ti ọ̀mọ̀wé lọ. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba oyè yìí nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ níbẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Kò pẹ́ tó dé tó fi di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Gbígbọ̀n ni iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀. Ẹ ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìlọta rí, ẹ sì mọ bí ilẹ̀ ṣe máa ń gbọ̀n títí dé àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni. Ohun tí Awójọbí ń wá nìyẹn: bí ohun wúwo bá jókòó sórí ilẹ̀ tó sì ń gbọ̀n, báwo ni ilẹ̀ náà ṣe ń dá a lóhùn? Òun àti ọ̀gá rẹ̀ ní Imperial College, Peter Grootenhuis, kọ ìwé lórí rẹ̀ tí ẹgbẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ìlú Lọ́ńdọ̀nù, Royal Society, tẹ̀ jáde lọ́dún 1965. Ó tún ṣe ìṣirò ti ilẹ̀ tó jẹ́ pé bí a bá ṣe ń gbẹ́ ẹ lọ ni ó ń le sí i. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹ̀rọ ńlá kalẹ̀, pàápàá lórí ilẹ̀ yanrìn bí irú tiwa létíkun yìí, kò lè fojú di ìmọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo sọ èyí nítorí ohun kan. Ní ẹ̀bá títì láti Maìlì Méjì dé Àgbádárìgì, àwọn mẹkáníìkì tó lè yọ ẹ́ńjìnnì alùpùpù kan kí wọ́n sì dè é mọ́ ara òmíràn kò wọ́n wa. Alùpùpù àtijọ́ tó ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ bẹntiróòlù, wọ́n á sọ ọ́ di nǹkan mìíràn pátápátá, wọ́n á sì gùn ún wọ inú yanrìn lọ dán an wò. Ọwọ́ wọn mọ iṣẹ́. Èyí tó ṣọ̀wọ́n ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tí ó tún lè jókòó ṣe ìṣirò ìdí tí irin kan fi ń gbọ̀n tí èkejì kò gbọ̀n. Awójọbí ní méjèèjì.

Nínú ẹ̀ka ìmọ̀ ẹnjiníà ní Yunifásítì Èkó ló ti wá ṣe èyí tó lókìkí jùlọ, ọkọ̀ tí ó sọ ní Autonov 1. Jíìpù irú ti àwọn sójà ni ó mú. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọkọ̀ ní jíà bíi mẹ́rin fún iwájú, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ló ní fún ẹ̀yìn, ẹyọ náà kò sì lè sáré. Bí a bá tilẹ̀ fẹ́ kó sáré, ewu ni, nítorí táyà tó ń darí ọkọ̀ ti di ti ẹ̀yìn nígbà náà, ọkọ̀ á máa fì sọ́tùn-ún fì sósì, ọrùn awakọ̀ á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kán níbi tó ti ń wo ẹ̀yìn. Ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n yìí ṣe ni pé ó fi sítíárìn kejì sí ìdí jíìpù náà, ó so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì kan náà, ó sì mú kí jíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ṣiṣẹ́ fún ọ̀nà méjèèjì. Ìdí ọkọ̀ di iwájú, iwájú di ìdí. Sójà tó bá kó sínú ewu lójú ọ̀nà tóóró nínú igbó kò ní láti wá ibi tí yóò ti yí padà mọ́. Àwọn kan tó kọ̀wé nípa rẹ̀ fi í wé ẹranko inú ìtàn tí a fi ẹ̀yà oríṣiríṣi so pọ̀.

Ẹ wo nọ́ńbà tó fi sí orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá pe nǹkan ní ìkíní ń retí ìkejì. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó gbé Autonov jáde fún títà. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, owó epo rọ̀bì ń wọlé fún wa bí òjò; Peugeot ń to ọkọ̀ pọ̀ ní Kàdúná, Volkswagen ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ojú ọ̀nà Àgbádárìgì yìí kan náà, ṣùgbọ́n láti òkè òkun ni wọ́n ti ń kó ẹ̀yà ara àwọn ọkọ̀ náà wá. Èmi kò mọ̀ bóyá jíìpù olórí méjì lè pa owó wọlé. Ohun tó dùn mí ni pé a kò dán an wò.

Bóyá èyí náà wà lára ohun tó sọ ọkùnrin yìí di alátakò ìjọba. Láti ìgbà tí ìjọba alágbádá dé lọ́dún 1979, tí ẹjọ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ mọ́kàndínlógún fi di ọ̀rọ̀ ìṣirò lẹ́nu gbogbo ènìyàn, ni Awójọbí kò ti sinmi. Ó gba ilé-ẹjọ́ lọ, ó sọ̀rọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì kọ ìwé tó fi béèrè ibi tí owó epo wa gbà lọ. Àwọn kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kà á sí pé ó ń fi ọpọlọ rẹ̀ ṣòfò nídìí ìṣèlú. Èmi kò bá wọn pohùn pọ̀.

Àwọn ológun lé ìjọba Ṣàgàrí lọ ní ọjọ́ tó parí ọdún 1983. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1984, Ayọ̀délé Awójọbí kú. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni. Ó fi ìyàwó rẹ̀, Ìyábọ̀dé, àti àwọn ọmọ sílẹ̀.

Nígbà ìjọba Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá ni wọ́n gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ ní oríta Oníkè ní Yábàá, kò jìnnà sí yunifásítì tó ti ṣiṣẹ́. Àwọn dáńfó ń yí i po látàárọ̀ ṣúlẹ̀, apá ọ̀tún ni gbogbo wọn sì ń gbà.