Olikoye Ransome-Kuti: Dókítà tó fi ààbò ọmọ tuntun lé ìyá lọ́wọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Láyé àtijọ́, agboolé tí kò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ Yorùbá. Orúkọ bíi Málọmọ́, Kòsọ́kọ́ àti Dúrójaiyé ń fi hàn wá bí ikú ṣe ń yọ́ wọ ìyẹ̀wù abiyamọ. Ọ̀kan nínú àwọn tó fi ọjọ́ ayé wọn bá ikú bẹ́ẹ̀ jà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti.

Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 30, oṣù Kejìlá, ọdún 1927. Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti, ọ̀gá ilé-ìwé, ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni Fúnmiláyọ̀, akọni tó ṣáájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá nígbà tí wọ́n kọ owó orí. Fẹlá olórin àti Dókítà Beko ni àwọn àbúrò rẹ̀. Láti Abẹ́òkúta Grammar School, ó lọ sí Trinity College ní Dublin, níbi tó ti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn láti 1948 sí 1954. Lọ́dún 1967 ó di olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ìtọ́jú ọmọdé níbẹ̀.

Ilé ìwòsàn ńlá kọ́ ló gbójú lé. Ó mọ̀ pé ohun kéékèèké ló ń pa ọ̀pọ̀ ọmọ: ìgbẹ́ gbuuru, èéyi, tẹ́tánọ́ọ̀sì tó ń gba ojú ìwọ́ wọlé. Ní òpópónà Gbaja ní Sùúrùlérè, ó kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì láti máa tọ́jú ọmọ fúnra wọn. Èrò yìí kì í ṣe àjèjì létí Èkìtì. Ní Imẹ̀sí-Ilé, tí kò jìnnà sí Òkèmẹ̀sí, Dókítà David Morley láti Wesley Guild Hospital, Iléṣà, ti dá irú ilé ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọdún 1950 sí 1960.

Nígbà tó di mínísítà ètò ìlera lọ́dún 1985, Olikoye gbé ìtọ́jú ìpìlẹ̀ lọ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kí ó lè dé ìlú bíi Ìlórò-Èkìtì. Abẹ́rẹ́ àjẹsára, omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ìgbẹ́ gbuuru, àti fífún ọmọ lọ́mú ni ó ń pariwo rẹ̀ kiri.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ọmú fi ká a lára? Ọmọ tuntun kúrò níbi ìpamọ́, ó bọ́ sáàárín kòkòrò àrùn tí ojú kò rí. Ara rẹ̀ ní ẹ̀ṣọ́ tí a bí mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ náà kò tíì gbó. Omi ọmú àkọ́kọ́ tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú ló ń ràn án lọ́wọ́. Purotéènì kan wà nínú rẹ̀ tí ń jẹ́ lysozyme, tí Alexander Fleming kọ́kọ́ ṣàlàyé lọ́dún 1922. Ó ń fọ́ ògiri ara kòkòrò àrùn. Òmíràn, lactoferrin, ń gba èròjà irin mọ́ kòkòrò lọ́wọ́, kí ó má baà rí ohun tí yóò fi bí sí i. Omi ọmú yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ń ní kí a fún dànù pé ó dọ̀tí, tí wọ́n á sì máa rọ ọmọ lágbo.

Lọ́dún 1990, UNICEF fún un ní ẹ̀bùn Maurice Pate. Ó fi ipò náà sílẹ̀ lẹ́yìn bí ọdún méje. Nígbà tí Fẹlá kú lóṣù Kẹjọ ọdún 1997, òun ló jáde sọ fún gbogbo ayé pé àrùn éèdì ló pa á, nígbà tí ìtìjú ń dí ọ̀pọ̀ ìdílé lẹ́nu. Kò pa òtítọ́ mọ́, ìbáà kan ilé rẹ̀.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ló kú sí ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹfà, ọdún 2003. Ó lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò lọ. Ìyá tó bá gbé ọmọ sáyà láàárín wákàtí àkọ́kọ́, tó fi ọmú nìkan bọ́ ọ fún oṣù mẹ́fà, tó sì gbé e lọ gba abẹ́rẹ́, ń parí ìjà tí Olikoye bẹ̀rẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi ọmọ sin mọ́.