Paul Fitts: Ẹni tó ní kí wọ́n yẹ irinṣẹ́ wò kí wọ́n tó dá ènìyàn lẹ́bi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Síbẹ̀, bí ọkọ̀ bá já sí kòtò, awakọ̀ nìkan ni gbogbo ayé máa ń bá wí. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni yẹ ọkọ̀ náà wò. Paul Fitts, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó kú lọ́dún 1965, wà lára àwọn tó yí irú ìdájọ́ yìí padà nídìí iṣẹ́ bàálù. Òfin tó fi sílẹ̀ náà ni wọ́n fi ń díwọ̀n àwọn ohun tí a ń fi ọwọ́ darí kọ̀ǹpútà títí dòní.

Ọdún 1912 ni wọ́n bí Fitts nílùú Martin, ní ìpínlẹ̀ Tennessee. Ẹ̀kọ́ nípa ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá ló yàn láàyò, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Rochester lọ́dún 1938. Lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì, ó wọ iṣẹ́ ọmọ ogun òfúrufú. Nígbà tí ogun náà parí lọ́dún 1945, òun ni wọ́n fi ṣe olórí ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí ìṣesí àwọn awakọ̀ òfúrufú ní Wright Field, ní ìpínlẹ̀ Ohio.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni iṣẹ́ náà. Kì í ṣe gbogbo bàálù tó já lásìkò ogun ni ọ̀tá yìnbọn lù. Awakọ̀ á gúnlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, á na ọwọ́ sí irin tó ń darí apá bàálù, irin tó ń ká ẹsẹ̀ bàálù ni yóò fà, bàálù á sì fi ikùn lélẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń kọ sílẹ̀ ni pé àṣìṣe awakọ̀ ni.

Fitts kò gba bẹ́ẹ̀. Òun àti ẹnìkejì rẹ̀, Jones, gba ìròyìn àṣìṣe 460 lẹ́nu àwọn awakọ̀, wọ́n sì gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde lọ́dún 1947. Nǹkan bí ìdajì àwọn àṣìṣe náà ló jẹ́ pé awakọ̀ mú irin kan fún òmíràn. Àwọn irin náà jọra, wọ́n sún mọ́ra, bí wọ́n sì ṣe tò wọ́n nínú bàálù kan yàtọ̀ sí ti òmíràn. Ìmọ̀ràn wọn ni pé kí wọ́n to irin gbogbo bàálù bákan náà, kí ọwọ́ sì lè fi ìrísí dá wọn mọ̀.

Nígbà tó di olùkọ́ ní Yunifásítì ìpínlẹ̀ Ohio, Fitts fẹ́ mọ bí ọwọ́ ènìyàn ṣe lè yára tó. Nínú ìdánwò tó gbé jáde lọ́dún 1954, ó fún akẹ́kọ̀ọ́ 16 ní irin kékeré bíi gègé, ó ní kí wọ́n máa fi kan irin pẹlẹbẹ méjì ní àkàntúnkàn. Àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì bẹ̀rẹ̀ láti ínṣì 2 títí dé 16. Èyí tó fẹ̀ jù fẹ̀ ní ínṣì 2, èyí tó tín-ín-rín jù kò ju ìdámẹ́rin ínṣì lọ.

Ẹni tó bá ti fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ rí mọ ohun tó rí. Bí ibi tí ọwọ́ ń lọ bá ṣe jìnnà tó, tó sì kéré tó, ni yóò pẹ́ tó. Ṣùgbọ́n Fitts fi ìṣirò sí i: bí àlàfo bá di ìlọ́po méjì, ìwọ̀nba àkókò kan ló ń lé. Bí fífẹ̀ irin bá dín sí ìdajì, iye kan náà ló ń lé. Bí méjèèjì bá jọ di ìlọ́po méjì, àkókò kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà.

Lọ́dún 1958, Fitts lọ sí Yunifásítì Michigan, ibẹ̀ ló wà tó fi kú lọ́dún 1965, lẹ́ni ọdún 52. Ọdún kan ṣáájú ni wọ́n ṣe mouse àkọ́kọ́ ní ìpínlẹ̀ California, ìyẹn ohun kékeré tí wọ́n fi orúkọ eku pè, tí a fi ń tọ́ka sí nǹkan lójú kọ̀ǹpútà.

Lọ́dún 1978, Stuart Card, William English àti Betty Burr ti iléeṣẹ́ Xerox fi òfin Fitts wọn mouse pọ̀ mọ́ ọ̀pá ìdarí kan àti oríṣi bọ́tìnnì méjì. Mouse ló yára jù, òun náà ni àṣìṣe rẹ̀ kéré jù. Wọ́n tún rí i pé ohun tó ń dá mouse dúró kì í ṣe mouse fúnra rẹ̀, bí ọwọ́ ènìyàn ṣe lè yára mọ ni. Lọ́dún 2000, àjọ ISO gbé ìlànà jáde fún ìdánwò irú ohun èlò bẹ́ẹ̀, orí òfin Fitts ni ìdánwò náà sì dúró lé.

Nítorí náà, bí àgbàlagbà kan bá ń tẹ nọ́ńbà lórí fóònù, tí ìka rẹ̀ ń ṣì í, kí ọmọ tó wà nítòsí má yára sọ pé ọjọ́ ogbó ló dé. Ó lè jẹ́ pé bọ́tìnnì náà ló kéré jù. Ẹjọ́ ènìyàn nìkan ni wọ́n ń gbọ́ tẹ́lẹ̀. Fitts ló ní kí irinṣẹ́ náà wá rojọ́.