Dókítà Ògúntọ́lá Sapara

Ìlú Freetown ni a bí ọmọ Ìjẹ̀ṣà yìí sí ní 1861. Johnson Williams ni orúkọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Òun tìkára rẹ̀ ni ó pa á tì, tí ó sì padà sí orúkọ ilẹ̀ baba rẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wọ iṣẹ́ ìjọba ní Èkó ní 1896.

Ìgbóná ń pa ènìyàn nígbà náà. Àwọn àwòrò Ṣọ̀pọ̀nná ni ó ń tọ́jú aláìsàn. Àwọn kan náà ni ó ń kó ẹrù òkú. Ta ni nínú wọn ni yóò tú àṣírí fún dókítà ìjọba? Nítorí náà ni Sapara ṣe fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu, tí ó wọ inú awo wọn ní Ẹ̀pẹ́. Ó jẹ́rìí pé èépá ara aláìsàn ni àwọn mìíràn fi ń tan àrùn náà kálẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òfin tó de ìsìn náà.

Síbẹ̀ kò kẹ́gàn ewé àti egbò ilẹ̀ wa. Ó ń wádìí wọn. Ó kú ní 1935.