Fẹlá Aníkúlápó-Kútì: Iná Kalakuta ba fíìmù tó ṣe nípa ara rẹ̀ jẹ́, àwọn àjèjì ló wá ń sọ ìtàn rẹ̀ fún wa lórí tẹlifíṣọ̀n

Bí èèyàn bá gba títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tó kọjá Ìbafò, tó dé Mówè, tó wá yà sí ọ̀nà Ọ̀fàdà, ilẹ̀ Ẹ̀gbá ló wà yẹn, Owódé sì ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Ní ilé kan ládùúgbò yìí la jókòó sí lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, tí àwọn ọmọ ilé ń yí tẹlifíṣọ̀n kiri, tí wọ́n fi bọ́ sórí fíìmù kan tó ń sọ ìtàn ìgbésí ayé olórin kan. Ọkùnrin kan ló jókòó níbẹ̀, kò wọ ẹ̀wù, pátá nìkan ló wà nídìí rẹ̀, ó fi igbó ńlá há ẹnu, ó sì ń bá àwọn òyìnbó tó gbé kámẹ́rà sọ̀rọ̀ bí ọba ṣe ń bá ìránṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ọmọkùnrin kan tí kò tíì ju ọdún 17 lọ bi wá bóyá ọmọ Amẹ́ríkà ni bàbá náà. Àwa àgbà ń wo ara wa lójú. Ọmọ Ẹ̀gbá bíi tirẹ̀ ni, Abẹ́òkúta tí wọ́n sì bí i sí kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yẹn rárá.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ló mú wa rò ó pé ó yẹ ká tún ìtàn Fẹlá pa, ká sì fi ojú àwọn kámẹ́rà tó tẹ̀ lé e káàkiri wò ó, nítorí nínú wọn ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti ń mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ 15, oṣù Kẹwàá, ọdún 1938 ni wọ́n bí Olúfẹlá Olúṣẹ́gun Olúdọ̀tun Ransome-Kútì. Orin kì í ṣe ohun tó ṣèèṣì kọ́. Bàbá tó bí bàbá rẹ̀, Rẹ́fúrẹ́ńdì Josiah Jesse Ransome-Kútì, ni àwọn ọmọ Ẹ̀gbá ń pè ní àlùfáà olórin, nítorí ó fi ohùn Yorùbá kọ orin ìyìn tí àwọn tí kò mọ ìwé gbọ́ yé. Nígbà tí bàbá náà dé Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1922, ilé iṣẹ́ Zonophone gba orin tó ju 40 lọ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọdún 16 ṣáájú kí wọ́n tó bí Fẹlá nìyẹn, ohùn ìdílé wọn ti wà nínú àwo ná. Bàbá Fẹlá gan-an, Rẹ́fúrẹ́ńdì Israel Olúdọ̀tun, ni ọ̀gá àgbà Abẹ́òkúta Grammar School, òun náà sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà lọ́dún 1931. Ẹgba rẹ̀ kì í mọ ọmọ ẹni yàtọ̀ sí ọmọ ẹlòmíì.

Ṣùgbọ́n ìyá ni ká dúró lé lórí. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ló kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ, àwọn tó mọ̀wé àti àwọn ìyá ọlọ́jà tí kò mọ̀wé, tí wọ́n kọ̀ láti san owó orí tí ìjọba òyìnbó gbé lé wọn lórí, tí wọ́n ń gba ọwọ́ ààfin bù jẹ. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà ààfin, wọ́n kọrin èébú, wọn kò sì dìde títí Aláké Adémọ́lá fi gbé adé sílẹ̀ lọ́dún 1949, kó tó di pé ó padà wálé lọ́dún 1950. Ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni Fẹlá nígbà náà. Ó rí i pẹ̀lú ojú rẹ̀ pé orin lásán lè lé ọba kúrò láàfin. Kò sí kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n kankan ní Aké nígbà yẹn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ìtàn Fẹlá ti bẹ̀rẹ̀, lójú tiwa.

Lọ́dún 1958, wọ́n fi í sọ́kọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kó lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, bíi ti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ tí àwọn méjèèjì padà di dókítà. Fẹlá débẹ̀ tán, ilé ẹ̀kọ́ orin Trinity ló gbà lọ. Fèrè ló kọ́ níbẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ Koola Lobitos sílẹ̀, ó fẹ́ Rẹ̀mí Taylor níyàwó, ó sì padà dé Èkó lọ́dún 1963. Iṣẹ́ rédíò kò bá a lára mu. Orin tó ń kọ nígbà náà, tí ó po jáàsì mọ́ háílàífù, kò tà tó bó ṣe fẹ́, nítorí àwọn èèyàn kò mọ ẹsẹ̀ tí wọn yóò gbé sí i. Tony Allen, onílù rẹ̀ tó dara pọ̀ mọ́ ọn lọ́dún 1964, ló kọ́kọ́ yé.

Ọdún 1969 ni nǹkan yí padà. Ó kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, owó tán, ìwé àṣẹ ìgbélùú wọn fẹ́ẹ̀ tán pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó pàdé Sandra Smith ní Los Angeles, obìnrin kan tó bá àwọn Black Panther rìn. Ìwé nípa Malcolm X ló gbé lé e lọ́wọ́. Ó jẹ́ ohun ìyàlẹ́nu pé òkè òkun lọ́mọ Fúnmiláyọ̀ ti wá mọ̀ pé òun jẹ́ ọmọ Áfíríkà, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Ó padà wálé, ó sọ ẹgbẹ́ rẹ̀ di Africa 70, Afrobeat sì gbalẹ̀ kan.

Àsìkò yìí ni àwọn kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ginger Baker, ìlúmọ̀ọ́ká onílù rọ́ọ̀kì tó ti lu ìlù nínú ẹgbẹ́ Cream, wa mọ́tò gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Nàìjíríà lọ́dún 1971, Tony Palmer sì gbé kámẹ́rà tẹ̀ lé e. Nínú fíìmù náà, a rí Fẹlá lórí ìtàgé ní Kàlàbá, ara ń ta á, kò sí ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tí ojú ọkùnrin náà padà rí, omi lè bọ́ lójú rẹ̀ bó bá rí fíìmù ọ̀hún. Ginger Baker ni fíìmù náà wà fún lóòótọ́, àlejò ni Fẹlá nínú rẹ̀. Bákan náà ló rí lọ́dún 1973 tí Paul McCartney wá ṣe orin sílẹ̀ l'Ékòó. Fẹlá fẹ̀sùn kàn án pé orin àwa aláwọ̀ dúdú ló wá jí, ìyẹn sì ní láti jókòó kó fi ohun tó ti ṣe sílẹ̀ han Fẹlá kí ọ̀rọ̀ tó rọlẹ̀. Bí àwọn òyìnbó bá ń sọ ìtàn yẹn lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn olè tó fi ọ̀bẹ dá McCartney àti ìyàwó rẹ̀ lọ́nà ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu kàn, Fẹlá á wá yọjú fún ìṣẹ́jú kan bí ẹni tínú ń bí lásán. Ó ń dùn wá.

Fẹlá kò sì fẹ́ kí ẹlòmíì máa sọ ìtàn òun. Ó ti pa orúkọ Ransome tì láàárín ọdún 1970, ó sọ ara rẹ̀ di Aníkúlápó, ilé rẹ̀ ní ojúlé 14, Agége Motor Road, ló pè ní Kalakuta. Níbẹ̀ ló ti ń ṣe fíìmù tirẹ̀, tó pe orúkọ rẹ̀ ní The Black President, tí ìgbésí ayé òun fúnra rẹ̀ jẹ́ kókó inú rẹ̀. John Collins, òyìnbó olórin tó fi Gánà ṣe ilé, wà lára àwọn tó kópa nínú rẹ̀, òun ló ṣe bí òyìnbó amúnisìn. Iṣẹ́ ọ̀hún ń lọ lọ́wọ́ ní oṣù Kìíní, ọdún 1977, ní àkókò tí ìjọba ológun ń ná owó lórí FESTAC, tí Fẹlá ti yọ ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀, tó sì ń kọrin bú wọn ní Shrine rẹ̀ tí àwọn àlejò òkè òkun ń rọ́ lọ.

FESTAC parí ní ọjọ́ 12, oṣù Kejì. Ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ṣọ́jà tí wọ́n tó nǹkan bí 1,000 ya bo Kalakuta. Wọ́n lu ọkùnrin, wọ́n fipá bá àwọn obìnrin lò pọ̀, wọ́n dá egungun Fẹlá, wọ́n ju ìyá rẹ̀ tó ti lé ní ọdún 76 láti ojú fèrèsé sílẹ̀, wọ́n sì fi iná sí ilé. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ fún The Black President wà lára ohun tó jóná, bí fíìmù náà ṣe di ohun tí ẹnikẹ́ni kò tún rí lórí tẹlifíṣọ̀n nìyẹn. Ìgbìmọ̀ olùwádìí tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní ṣọ́jà tí a kò mọ̀ ló ṣe é. Ìyá náà kò gbádùn mọ́, ọjọ́ 13, oṣù Kẹrin, ọdún 1978 ló kú. Nígbà tí ìjọba ológun fẹ́ gbé agbára sílẹ̀ lọ́dún 1979, Fẹlá àti àwọn èèyàn rẹ̀ gbé pósí lọ sẹ́nu géètì Dodan Barracks.

Oṣù Kejì, ọdún 1978 kan náà ló fẹ́ obìnrin 27 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kò sí fíìmù kan tí kì í dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí, ojú ìran ni wọ́n sì sábà máa ń fi àwọn obìnrin náà ṣe. Wọn kì í sọ pé àwọn wọ̀nyí ni wọ́n lù, tí wọ́n bà jẹ́ ní Kalakuta, tí ìlú ń pè ní ọmọ ìta. Ká má purọ́ ṣá o, Fẹlá náà kò gba àwọn obìnrin sílẹ̀. Ó ń lù wọ́n, ó ń pàṣẹ fún wọn, ó sì ń kọrin pé obìnrin gbọ́dọ̀ mọ ipò rẹ̀ lẹ́yìn ọkùnrin. Ọmọ ẹni tó kó obìnrin Ẹ̀gbá dìde ló ń sọ bẹ́ẹ̀. A kò mọ bí a ṣe lè fi àwíjàre kankan bò ó.

Fíìmù tí a rí ní Mówè lálẹ́ ọjọ́ náà ni Music Is the Weapon, èyí tí Jean-Jacques Flori àti Stéphane Tchalgadjieff ṣe lọ́dún 1982 fún tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Faransé. Kò tó wákàtí kan, síbẹ̀ òun ló gbajúmọ̀ jù. Inú ilé rẹ̀ tuntun n'Ikẹjà àti inú Shrine ni wọ́n ti ká a mọ́, ó ń sọ nípa bí òun yóò ṣe di ààrẹ Nàìjíríà. Lójú ẹni tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kalakuta, eré ìtàgé ni ó máa jọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí àpá.

Ọdún méjì lẹ́yìn fíìmù yẹn, nígbà ìjọba Buhari, wọ́n mú un ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà bó ṣe ń lọ kọrin l'Amẹ́ríkà, wọ́n ní ó fẹ́ kó owó ilẹ̀ òkèèrè jáde. Ọdún márùn-ún ni wọ́n dá fún un, ó lo nǹkan bí 20 oṣù kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ lọ́dún 1986. Inú oṣù Kẹfà ọdún náà ló dúró lórí ìtàgé Giants Stadium ní New Jersey, nínú ayẹyẹ orin tí ẹgbẹ́ Amnesty International ṣe. Ó tú ìgbéyàwó òun àti àwọn obìnrin náà ká. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè, sì ti di mínísítà ètò ìlera lábẹ́ Babangida. Ẹ̀gbọ́n ń jókòó nínú ìjọba, àbúrò ń fi orin bú u níta.

Láti nǹkan bí ọdún 1992, àwo orin tuntun dáwọ́ dúró. Fẹlá rù, ara rẹ̀ kún fún egbò, kò sì fi ìgbà kankan sọ ní gbangba pé àrùn kògbóògùn ló ń ṣe òun. Àkókò yìí ni a kò rí nínú fíìmù kankan tó nílàárí. Ọjọ́ 2, oṣù Kẹjọ, ọdún 1997 ló jáde láyé lẹ́ni ọdún 58. Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè pe àwọn oníròyìn jọ, ó sì sọ pé éèdì ló pa àbúrò òun. Bẹ́kọ̀, àbúrò wọn, wà lẹ́wọ̀n Abacha lọ́jọ́ náà. Ní ọdún yẹn, ìdílé ńlá kankan kì í dárúkọ àrùn yìí, ìtìjú ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò gbàgbọ́, àwọn kan bínú sí dókítà náà pé ó tú àṣírí òkú. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn tó orin Fẹlá èyíkéyìí, nítorí ó gba ẹ̀mí àwọn kan là tí a kò lè kà. Wọ́n tẹ́ òkú rẹ̀ nínú pósí onígíláàsì ní Tafawa Balewa Square, èrò tí wọ́n ní ó ju mílíọ̀nù kan lọ sì tẹ̀ lé e dé Ìkẹjà, níbi tí wọ́n sin ín sí.

Fíìmù kò dáwọ́ dúró. Alex Gibney ará Amẹ́ríkà ṣe Finding Fela lọ́dún 2014, ó gbé e ka eré Fẹlá tí wọ́n ṣe ní Broadway. Joel Zito Araújo ará Bùràsíìlì ṣe My Friend Fela lọ́dún 2019. Ọdún 2020 ni Bíyì Bándélé, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kafanchan, ṣe tirẹ̀ fún BBC. Ó kú lọ́dún 2022.

Fíìmù Mówè parí ní nǹkan bí aago mọ́kànlá. Ọmọkùnrin yẹn kò lọ sùn. Ó mú fóònù rẹ̀, ó ń wá orin bàbá àgbà, ti ọdún 1922, ó sì rí ọ̀kan. Ohùn tín-ín-rín kan jáde, bí ẹni tó ń kọrin láti inú ìkòkò, pẹ̀lú dùùrù lábẹ́ rẹ̀, ni epo bá tán nínú jẹnẹrétọ̀, tí ilé ṣókùnkùn, orin náà sì ń dún lọ.