Saint-Georges: Ọmọ Ẹrúbìnrin Tó Kọ Eré Ẹ̀rín ní Paris

Tí ẹ bá gbọ́ ọ́pẹ́rà, ẹ má sá o. Eré orí ìtàgé ni, àmọ́ orin ni wọ́n fi ń sọ ọ̀rọ̀. Èyí tí mo ń gbọ́ lórí fóònù láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀rín ló kún inú rẹ̀. L'Amant anonyme ló ń jẹ́, ìyẹn Olólùfẹ́ Tí Kò Dárúkọ. Ọdún 1780 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Paris. Ó di 2023 kí wọ́n tó gbé e jáde lódindi sínú àwo. Ẹgbẹ́ Haymarket Opera ti Chicago ló ṣe é. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: ọdún 243!

Joseph Bologne ló kọ orin rẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní Chevalier de Saint-Georges. Erékùṣù Guadeloupe ni wọ́n ti bí i ní 1745. Òyìnbó olóko ni bàbá rẹ̀. Nanon, ìyá rẹ̀, ẹrú aláwọ̀ dúdú ni. Ó ṣì kéré tí bàbá rẹ̀ fi mú un lọ sí ilẹ̀ Faransé, ó kọ́ ìjà idà níbẹ̀ dójú àmì. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ̀ ọ́n. Orin ni tèmi. Ó mọ violin ta gan-an, nígbà tó sì di 1773, òun ni olùdarí ẹgbẹ́ olórin Concert des Amateurs.

Ibi tó dùn mí rèé. Ní 1776, ó kù díẹ̀ kí wọ́n fi í ṣe ọ̀gá ilé Ọ́pẹ́rà Paris. Làwọn obìnrin akọrin àti oníjó kan níbẹ̀ bá kọ̀wé sí Ayaba Marie Antoinette pé àwọn ò lè gba àṣẹ lẹ́nu ẹni tí ìyá rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Wọn ò ní kò mọṣẹ́ o! Bó ṣe fà sẹ́yìn nìyẹn.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ló gbé eré yìí jáde. Valcour fẹ́ràn Léontine, opó kan tó ti ní òun ò fẹ́ ọkùnrin mọ́. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, kò lè la ẹnu sọ ọ́, ló bá ń fi lẹ́tà àti ẹ̀bùn ránṣẹ́ láìdárúkọ. Wọ́n fẹ́ra nígbẹ̀yìn. Saint-Georges fúnra rẹ̀ ò níyàwó títí ó fi kú. Láti 1778 ni òfin ti ní kí aláwọ̀ dúdú má fẹ́ òyìnbó nílẹ̀ Faransé. Èmi ò lè gbọ́ orin Valcour kí n má rántí ìyẹn.

Àwọn kan ń pè é ní Mozart dúdú. Abájọ! Ọdún 1756 ni wọ́n bí Mozart. Ta ló ń fi orúkọ àbúrò pe ẹ̀gbọ́n?

Nígbà tí ìlú dàrú, tí wọ́n lé ọba kúrò, ó kó àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú jọ ní 1792, ó jà fún ìjọba tuntun. Ìjọba yẹn náà ló tún jù ú sẹ́wọ̀n. Ó kú ní 1799. Ní 1802, Napoleon dá òwò ẹrú padà.

Nínú gbogbo ọ́pẹ́rà tó kọ, èyí nìkan ló ṣẹ́kù lódindi. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ, kó mú íàpíìsì tirẹ̀ wá bá mi nígbà bíréèkì.