Ẹfúnṣetán Aníwúrà

Ẹfúnṣetán Aníwúrà (aláìsí ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1874) jẹ́ Ìyálóde ìlú Ìbàdàn àti ọ̀kan lára àwọn oníṣòwò tí ó lọ́rọ̀ jù lọ nílẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìkà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Ó le mọ́ àwọn ẹrú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn ìwà ìkà kọ́ ni wọ́n fi yọ ọ́ lóyè.

Òwò àti oyè

Ọmọ Ẹ̀gbá Òkè-Ọnà ni Ẹfúnṣetán. Ògúnrìn ni orúkọ bàbá rẹ̀. Ó fi Abẹ́òkúta sílẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, ìlú ogun tí ìbọn àti ẹ̀tù ti níye lórí. Ó ń ta ohun ìjà, tábà àti ẹrú, ó sì ní oko ńlá mẹ́ta. A gbọ́ pé àwọn ẹrú rẹ̀ tó 2000.

Àwọn olóyè ogun a máa gba ìbọn àti ẹ̀tù láwìn lọ́wọ́ rẹ̀, wọn a sì fi ìkógun san gbèsè nígbà tí wọ́n bá ti ojú ogun dé. Nípa bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àwọn ogun tí Ìbàdàn jà nígbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbèsè pọ̀ jù tí owó kò sì wọlé mọ́, ó jáwọ́ nínú àwìn.

Ní ọdún 1860, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ó bí kú lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n ní láti ìgbà náà ni ọwọ́ rẹ̀ ti túbọ̀ le sí àwọn ẹrú, pàápàá èyí tí ó bá lóyún.

Ìjà pẹ̀lú Látòósà

Látòósà di Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní ọdún 1871. Ogun àjàìsinmi ni ó fẹ́, bẹ́ẹ̀ ogun a sì máa dí ọ̀nà mọ́ oníṣòwò. Ẹfúnṣetán kò fara mọ́ ọn, kò sì fi bò.

Nígbà tí Látòósà ti ogun dé ní ọdún 1874, ẹ̀sùn mẹ́ta ni ó kà sí Ìyálóde lẹ́sẹ̀: kò bá a lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí i lójú ogun, kò sì jáde lọ pàdé rẹ̀ lẹ́yìn odi láti kí i káàbọ̀. Kò sí èyí tí ó mẹ́nu ba ẹrú kankan nínú wọn. Kò sì yani lẹ́nu, nítorí pé àwọn olóyè tí ó dá ẹjọ́ náà ní ẹrú tiwọn nílé.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè. Ó san owó ìtánràn, ó sì bẹ̀bẹ̀; wọ́n gba owó, wọn kò gba ẹ̀bẹ̀. Wọ́n lo Kúmúyìílọ, ọmọ tí ó gbà tọ́, láti rí i mú. Ní òru ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, àwọn ẹrú rẹ̀ méjì gba orí àjà wọ yàrá tí ó sùn sí, wọ́n sì fọ́ ọ lórí. Àwọn olóyè Ẹ̀gbá ránṣẹ́ láti Abẹ́òkúta pé kí ni ó pa ọmọ àwọn. Ní oṣù keje, Ìbàdàn pa àwọn ẹrú méjèèjì. Kò sí ohun tí ó ṣe Látòósà.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀

Eré-onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá tí ó ń jẹ́ Ẹfúnṣetán Aníwúrà ni ó mú orúkọ rẹ̀ tàn kálẹ̀. Bánkọ́lé Bello sọ ọ́ di fíìmù ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Ìyábọ̀ Ògúnṣọlá sì ni ó ṣe Ẹfúnṣetán. Nínú eré náà, Látòósà kó ogun wá gba àwọn ẹrú sílẹ̀, Ẹfúnṣetán sì gbé májèlé jẹ. Onímọ̀ ìtàn Bọ́láńlé Awẹ́ wo ọ̀rọ̀ náà lọ́nà mìíràn: ó kọ̀wé nípa Ẹfúnṣetán gẹ́gẹ́ bí olóyè tí òun àti Látòósà jọ ń du agbára nínú ìlú.